Owó ìrànwọ́ fún jẹ́lé-ó-sinmi l'Ékòó: ilẹ̀kùn wo ló yẹ kí ẹ kàn?

Ọ̀rẹ́ mi kan wà ní Ìsàlẹ̀ Èkó, èmi wà ní Bàríga. Irú ọmọ kan náà là ń tọ́jú: àwọn ọmọ ọdún mẹ́ta sí márùn-ún, tí imú wọn kì í gbẹ, tí wọ́n máa ń sùn sórí ẹní bí oòrùn bá ti kàn tán. Ṣùgbọ́n kíláàsì tirẹ̀ wà nínú ọgbà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọba, níbi tí òun ti jẹ́ ọ̀kan nínú ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó ilé-ẹ̀kọ́ náà. Tèmi jẹ́ iyàrá mẹ́rin nínú ilé onílé tí mò ń san owó rẹ̀ lọ́dọọdún. Nígbà tí ariwo ta pé ìjọba ti gbé "gránǹtì", owó ìrànwọ́ tí a kì í dá padà, jáde fún ẹ̀kọ́ ọmọdé, àwa méjèèjì jọ sáré ni. Òun rí iyàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ tuntun níkẹyìn. Èmi rí ẹnì kan tó gba ₦15,000 "owó fọ́ọ̀mù" lọ́wọ́ mi, tí kò gbé fóònù mi mọ́ títí di òní.

Ẹ̀bi mi wà níbẹ̀. Mo ti ń béèrè pé èló ni wọ́n ń pín kí n tó béèrè pé ta ni wọ́n ń pín in fún. Bí ẹ bá ti mọ ẹni tó ni ilé-ẹ̀kọ́ yín lójú òfin, ẹ ti mọ ìdajì ìdáhùn. Nítorí náà, mo fẹ́ gbé àwọn ọ̀nà tí owó ń gbà dé ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ kéékèèké l'Ékòó kalẹ̀, ọ̀kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ èkejì, kí ẹ lè rí èyí tó bá yín mu.

Ibi tí ìdàrúdàpọ̀ ti ń wá

Ẹni tó bá wá ọ̀rọ̀ yìí lórí Google, ìròyìn Amẹ́ríkà ló máa kọ́kọ́ yọ sí i. Ní ìpínlẹ̀ Georgia lọ́hùn-ún, owó lọ́tìrì ìjọba ni wọ́n fi ń kọ́ ọmọ ọdún 4 láti 1993. Nígbà tó di 1995, wọ́n ṣí i sílẹ̀ fún gbogbo ọmọ ọdún 4, bóyá òbí lówó tàbí kò ní. Ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni tó bá kúnjú òṣùwọ̀n sì lè gba owó náà lọ́wọ́ ìpínlẹ̀, kó fi kọ́ ọmọ lọ́fẹ̀ẹ́. Onílé-ẹ̀kọ́ kan ní Múṣin á ka irú ìyẹn lálẹ́, ilẹ̀ á mọ́, á gba Aláùsá lọ.

Òfin tiwa kò rí bẹ́ẹ̀. Níhìn-ín, owó tó pọ̀ jù fún ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ kì í kọjá ẹnu géètì ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba.

Owó UBE: ó tóbi, ó lọ́ra, kò sì kan aládàáni

Òfin UBE, ìyẹn òfin ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ fún gbogbo ọmọ, tí wọ́n ṣe ní 2004 ló bí owó yìí. Ìjọba àpapọ̀ gbọ́dọ̀ yọ ó kéré tán 2 nínú 100 owó tó ń wọ àpò rẹ̀ sílẹ̀ fún ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀. UBEC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ ní Àbújá, ló ń pín in fún àwọn ìpínlẹ̀. Ìpínlẹ̀ kò kàn ní na ọwọ́ kó gbà á o. Òun náà gbọ́dọ̀ gbé ìdajì owó iṣẹ́ tó fẹ́ ṣe sílẹ̀. Èyí tí kò bá rí tirẹ̀ gbé jáde, ti Àbújá á máa wò ó láti òkèèrè bí ẹran tó wà nínú agbada ẹlòmíràn.

Ìlànà tí UBEC fi ń pín owó ìdajì-sí-ìdajì yìí ni pé nínú ₦100, ₦60 ni ti alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ₦35 ni ti sẹ́kọ́ńdírì kékeré, ₦5 tó kù ni ti àwọn ọmọ tí kò tíì wọ Praímárì 1. Ẹ ò rí nǹkan! Àwọn tó kéré jù náà ni wọ́n bù fún kéré jù.

L'Ékòó, LASUBEB, àjọ ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ ti Ìpínlẹ̀, ni owó náà ń gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá, ọ́fíìsì wọn wà ní Maryland ti Èkó níbí. Ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọba tó wà lábẹ́ wọn lé ní 1,000, káàkiri ìjọba ìbílẹ̀ 20. Nínú èrò tó tó báyìí, ta ni yóò rántí kíláàsì ọmọdé kan tí wọ́n fún mọ́ ẹ̀yìn ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ní Ìsàlẹ̀ Èkó, bí ẹnikẹ́ni kò bá kọ̀wé?

Ọ̀rẹ́ mi àti ìgbìmọ̀ wọn kọ̀wé. Kì í ṣe lẹ́tà ẹ̀bẹ̀ tó kún fún "a fi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀" láti òkè dé ilẹ̀. Wọ́n ka ọmọ. Àwọn 52 ló wà lọ́wọ́ olùkọ́ kan ṣoṣo, bẹ́ẹ̀ ìlànà ìjọba àpapọ̀ sọ pé ọmọ 25 ni kí olùkọ́ kan máa mójú tó ní kíláàsì ọmọdé. Wọ́n ya fọ́tò ibi tí òjò ń gbà wọlé. Wọ́n rán ìjọba létí pé ìlànà ètò ẹ̀kọ́ orílẹ̀-èdè fúnra rẹ̀, àtẹ̀jáde 2013, ló sọ pé ọmọ gbọ́dọ̀ lo ọdún kan ní kíláàsì ìmúrasílẹ̀ kó tó wọ Praímárì 1. Lẹ́tà náà gba ọwọ́ ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ lọ sọ́dọ̀ akọ̀wé ètò ẹ̀kọ́ ìjọba ìbílẹ̀, ó ti ibẹ̀ gba Maryland lọ. Ẹ̀dà kan wà lọ́wọ́ wọn tí wọ́n lu òǹtẹ̀ "a ti gbà á" sí. Ẹ̀dà yẹn ni wọ́n ń gbé lọ gbé bọ̀ nígbàkígbà tí ẹnikẹ́ni bá sọ pé òun kò rí lẹ́tà kankan.

Láti ọjọ́ tí wọ́n kọ lẹ́tà títí dìgbà tí wọ́n kun ọ̀dà, ó lé ní ọdún méjì. Àwọn ọmọ tí wọ́n kà sínú rẹ̀ ti ń jókòó ní Praímárì 2 nígbà tí iyàrá náà parí. Àga kékeré kò sì bá ilé dé, àwọn òbí ló dá owó ẹní tí àwọn ọmọ fi sáà kan jókòó lé.

Ohun kan tún wà tó yẹ kó yé àwọn tó wà nínú ìgbìmọ̀: owó yìí kì í kan ọwọ́ yín. Agbaṣẹ́ṣe ni wọ́n ń san án fún. Iṣẹ́ tiyín ni kí ẹ béèrè ẹ̀dà ìwé iṣẹ́ náà, kí ẹ máa ka fèrèsé, kí ẹ sì pariwo bí sìmẹ́ńtì bá dín. Kò ṣe é fi san owó-oṣù àǹtí tó ń bá yín fọ ìdí ọmọ.

Ìgbà kan tí ẹ̀bùn dé ọwọ́ aládàáni

Nígbà tí wọ́n ka ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni l'Ékòó ní 2010 sí 2011, ó lé ní 12,000. Àwa la gbé ọmọ pọ̀n, ìjọba náà mọ̀. Síbẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo mọ̀ tí owó tí a kì í dá padà wá tààrà sọ́dọ̀ irú wa: Survival Fund ti 2020, lẹ́yìn tí Kòrónà ti ti ilé-ẹ̀kọ́ pa. Ìjọba àpapọ̀ san láti ₦30,000 dé ₦50,000 fún òṣìṣẹ́ kan, fún oṣù mẹ́ta. Àwọn ilé-ẹ̀kọ́ wà lára àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ ṣílẹ̀kùn fún lóṣù kẹsàn-án ọdún náà.

Ta ló gbà á? Ẹni tó ti forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ CAC, àjọ tó ń forúkọ òwò àti ẹgbẹ́ sílẹ̀, tí BVN rẹ̀ bá orúkọ rẹ̀ mu, tó ní ìwé tí orúkọ àwọn òṣìṣẹ́ àti owó wọn wà nínú rẹ̀. Ní àdúgbò tèmi, àwọn tó wà nínú bùkátà jù lọ ni kò rí nǹkan kan gbà, torí pé inú ìwé àkọsílẹ̀ ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ni orúkọ ilé-ẹ̀kọ́ wọn mọ sí. Ọjọ́ mìíràn lè wà tí irú rẹ̀ á tún dé. Kì í fúnni ní oṣù kan láti wá ìwé.

Ẹ̀yáwó: LSETF àti ilé-ìfowópamọ́ kékeré

Èyí ni ibi tí ọ̀pọ̀ wa máa padà sí, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n fara balẹ̀ níbẹ̀.

Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó fi òfin dá LSETF, àjọ tó ń yá àwọn oníṣòwò lówó, sílẹ̀ ní 2016. Kì í ṣe ẹ̀bùn, bó ti wù kí wọ́n máa pè é ní owó ìrànwọ́ ní ọjà. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀, èlé rẹ̀ jẹ́ 5 nínú 100 lọ́dún kan. Òwò tó kéré jù lè yá dé ₦500,000, èyí tó tóbi díẹ̀ lè yá dé ₦5 mílíọ̀nù. Ẹni tó ń gbé Èkó ni wọ́n ń wá, wọ́n á béèrè káàdì olùgbé ìpínlẹ̀, ìwé owó-orí, ìwé CAC àti onídùúró. Láti ìgbà náà, oríṣiríṣi ètò ni wọ́n ti gbé gba ọwọ́ ilé-ìfowópamọ́ mìíràn. Ìwé àdéhùn tó bá wà níwájú yín ni kí ẹ ka èlé inú rẹ̀, kì í ṣe èyí tí aládùúgbò yín san ní 2017.

Ilé-ìfowópamọ́ kékeré (microfinance) yára jù ú lọ. Òṣìṣẹ́ wọn á wá bá yín ní ilé-ẹ̀kọ́, á wo iye ọmọ, á wo ìwé owó yín, nígbà mìíràn owó á ti wọlé kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé. Ó tilẹ̀ wà nínú wọn tó jẹ́ pé ọ̀rọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ nìkan ló gbájú mọ́, bíi EdFin, àwọn wọ̀nyẹn mọ̀ pé owó wa kì í wọlé lójoojúmọ́ bíi ti aláta.

Ibi tí wọ́n ti ń mú wa ni ọ̀rọ̀ oṣù àti ọdún. Ẹ jẹ́ ká ṣírò. Ẹ yá ₦500,000 ní èlé 5 nínú 100 lọ́dún: bí wọ́n bá tilẹ̀ ka èlé náà lé gbogbo owó lórí láìyọ èyí tí ẹ ti san, ₦25,000 ni. Ká wá ní ẹlòmíràn sọ fún yín pé tòun jẹ́ "4 péré." Ẹ bi í: 4 lóṣù ni àbí lọ́dún? Bó bá jẹ́ lóṣù, tí wọ́n sì ń kà á lé gbogbo owó tí ẹ yá lórí, oṣù 12 á sọ ọ́ di 48 nínú 100. ₦240,000 nìyẹn. "4" kéré sí "5" létí, àmọ́ èlé tí ẹ máa san lórí rẹ̀ lé ní ìlọ́po mẹ́sàn-án ti èkejì.

Ohun kejì ni oṣù kẹjọ. Gbogbo ẹni tó ń ṣe jẹ́lé-ó-sinmi ló mọ oṣù kẹjọ. Sáà kẹta parí lóṣù keje, àwọn ọmọ ti lọ sílé ìyá-ìyá wọn, owó kò wọlé títí di oṣù kẹsàn-án, ìyẹn náà tí àwọn òbí bá ti ra aṣọ ilé-ẹ̀kọ́ tán. ₦525,000 tí ẹ ní láti dá padà yẹn, bí ẹ bá pín in sí oṣù 12, ₦43,750 ni lóṣù kan. Oṣù kẹjọ náà á béèrè tirẹ̀. Èyí ni mo fi ń sọ pé ẹ má fọwọ́ sí ìwé kankan kí ẹ tó béèrè bóyá ẹ lè máa san án ní sáà-sáà, lẹ́ẹ̀mẹta lọ́dún, ní ọ̀sẹ̀ kẹrin tàbí ìkarùn-ún tí owó ilé-ẹ̀kọ́ bá ti wọlé. Ẹni tó bá gbà fún yín bẹ́ẹ̀, tí èlé rẹ̀ fi díẹ̀ ga, ó sàn fún yín ju olówó kékeré tí á máa kàn ilẹ̀kùn yín ní ìsinmi.

Kí ẹ sì fi ẹ̀yáwó ṣe ohun tó máa mú ọmọ wọlé: ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tó mọ́, ògiri, omi. Mo rí ẹni tó fi yá bọ́ọ̀sì. Bọ́ọ̀sì náà wà lọ́dọ̀ mẹkáníìkì.

Owó àwọn àjọ aláàánú

Èyí ni ẹ̀bùn gidi, a kì í dá a padà. Ṣùgbọ́n àjọ tó bá ń fúnni lówó kì í sábà fi fún òwò ẹnì kan, ẹgbẹ́ tí kì í pín èrè ni wọ́n ń wá. Ìwé CAC ti "business name" tó wà lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ wa kò lè ṣílẹ̀kùn yìí. Èyí tí wọ́n ń béèrè ni ti ẹgbẹ́ alámòójútó (incorporated trustees), tó wà ní Apá F nínú CAMA 2020, òfin tó de ilé-iṣẹ́ àti ẹgbẹ́. Ilé-ìfowópamọ́ á sì tún béèrè ìwé SCUML, ẹ̀ka EFCC tó ń ṣọ́ owó àwọn ẹgbẹ́, kí wọ́n tó ṣí àkáǹtì fún un.

Ṣé kí ẹ torí èyí yí ilé-ẹ̀kọ́ yín padà? Lójú tèmi, rárá, àfi bí ó bá ti wà lọ́kàn yín tẹ́lẹ̀ pé ẹ kò fẹ́ jẹ èrè rẹ̀. Bí ilé-ẹ̀kọ́ bá ti di ti ẹgbẹ́, kì í ṣe tiyín mọ́. Àwọn alámòójútó lè dìbò yọ yín. Mo mọ ìyá kan tí ọ̀rọ̀ yẹn kò yé títí ó fi pẹ́ jù.

Ẹni tó bá ti ní irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀, bóyá ti ṣọ́ọ̀ṣì, ti mọ́sálásí tàbí ti àdúgbò, kó múra sí ọ̀rọ̀ rìsíìtì. Owó tí wọ́n bá fún yín fún ohun ìṣeré, ohun ìṣeré náà ni kí ẹ fi rà, kì í ṣe owó-oṣù. Ìdúmọ̀tà ni ọ̀pọ̀ wa ti ń ra bọ́ọ̀lù àti ike alárànbarà, àwọn kan níbẹ̀ kò sì ní rìsíìtì rárá. Ẹ mú ìwé rìsíìtì tiyín dání, kí olùtajà kọ ọjọ́, ọjà, iye àti nọ́ńbà fóònù rẹ̀ sí i, kó fọwọ́ sí i. Bákan náà lọ́dọ̀ káfíńtà. Ẹ̀bùn kejì kì í dé bí ìṣírò àkọ́kọ́ kò bá pé.

Èyí wá sí mi lọ́kàn: bí ẹ bá ń kọ ìwé ìbéèrè, ẹ má fi Yorùbá pamọ́. Láti 2018 ni òfin Ìpínlẹ̀ Èkó ti sọ ọ́ di dandan kí wọ́n máa kọ́ Yorùbá ní ilé-ẹ̀kọ́, ti ìjọba àti ti aládàáni. Àwọn tó mọ̀ nípa ẹ̀kọ́ ọmọdé fẹ́ kí ọmọ kọ́kọ́ gbọ́ nǹkan ní èdè tó ń sọ nílé. Ọ̀pọ̀ wa ń fi òyìnbó ọmọ ọdún mẹ́ta polówó fún òbí, a sì ń gbàgbé pé ẹni tó ń fúnni lówó lè máa wá òdìkejì rẹ̀.

Aṣòfin àti CDA

Aṣòfin máa ń kọ́ iyàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ nínú iṣẹ́ ẹkùn wọn, ṣùgbọ́n lórí ilẹ̀ ìjọba náà ni. CDA, ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò, lè gbé lẹ́tà yín dé ibi tí ẹ̀yin nìkan kò lè gbé e dé. Bí gọ́tà iwájú ilé-ẹ̀kọ́ yín bá ń kún sórí àwọn ọmọ, ọ̀dọ̀ wọn ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ, kì í ṣe ilé-ìfowópamọ́.

Ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀

Kò sí ẹni tó ń gbé fọ́tò èyí sórí WhatsApp, òun ló sì ti yọ èmi jù. Ẹ ó máa dá owó fún oṣù mélòó kan, lẹ́yìn náà ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ á jẹ́ kí ẹ yá ìlọ́po méjì ohun tí ẹ ti fi pamọ́. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ni onídùúró, èlé náà sì ń padà sáàárín yín lópin ọdún. Àìdáa rẹ̀ ni pé kò lè kọ́ ilé. Ẹni tó ní ₦100,000 nílẹ̀, ₦200,000 ló máa rí yá. Ó tó fún ẹní, ẹ̀rọ omi àti kíkùn. Ti alájọ tó ń gba owó ojoojúmọ́ yàtọ̀ sí èyí o, ibẹ̀ kò sí ẹ̀yáwó, owó yín náà lẹ ń gbà padà.

Èwo ni kí ẹ wá mú?

Bí ẹ bá jẹ́ òbí tàbí ọmọ ìgbìmọ̀ ní ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba, ẹ má yá kọ́bọ̀. Owó yín wà ní Maryland, ẹ lọ kà ọmọ, ẹ kọ lẹ́tà, ẹ gba òǹtẹ̀. Bí ẹ bá jẹ́ aládàáni tí kò tíì gba ìwé àṣẹ lọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ Ìpínlẹ̀, ìwé yẹn ni kí ẹ fi owó àkọ́kọ́ ṣe, ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ sì tó o. Ọ́fíìsì ẹkùn ètò ẹ̀kọ́ yín ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ ìbéèrè: ti Ṣómólú àti Bàríga wà ní Maryland, ti Lagos Island ní Fálómò, ti Sùúrùlérè àti Mainland ní Sàbó, Yábà, ti Múṣin ní Òṣòdì.

Aládàáni tí ìwé rẹ̀ pé, tí ọmọ ti kún inú iyàrá rẹ̀ débi pé ó ń dá òbí padà, òun ni ẹ̀yáwó LSETF tàbí ti ilé-ìfowópamọ́ yẹ. Bí iyàrá yín bá ṣófo, gbèsè kò ní mú ọmọ wá.

Ní ti ẹni tó bá ní kí ẹ san owó kí òun tó fún yín ní fọ́ọ̀mù gránǹtì, ẹ ti mọ ohun tó ṣe mí.

Ọ̀rẹ́ mi pè mí lọ́sẹ̀ tó kọjá. Àga kékeré náà ti dé, 40. Àwọn ọmọ ti di 58, ó sì ti ń kọ lẹ́tà mìíràn.